Ìwé Owó ní Port Harcourt, Ìbọn ní Abuja

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, katapílà wọ ọgbà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Rivers ní Moscow Road, Port Harcourt, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri. Ìjọba ní iná tó sọ níbẹ̀ lóru ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà ti ba ilé náà jẹ́ débi pé kò yẹ kí èèyàn tún jókòó sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wó ilé náà gan-an, Gómìnà Siminalayi Fubara dúró nínú ilé ìjọba, ó ka àbá ìṣúná ọdún 2024, ₦800 bílíọ̀nù, sétí aṣòfin mẹ́rin. Mẹ́rin nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, ó ti bu ọwọ́ lùwé, ó ti di òfin. Mo mọ ìyá alájọ kan tó máa ń lo ju ọjọ́ méjì lọ kó tó parí ìṣirò owó ìsọ̀ mẹ́wàá.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ gùn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Fubara. Iṣẹ́ méjì la gbé lé aṣòfin lọ́wọ́: kí ó ṣe òfin, kí ó sì bi ìjọba léèrè owó. Ìkejì yìí làwọn olùdìbò sábà máa ń gbàgbé. Ní London lọ́dún 1861, nígbà tí William Gladstone ń mójú tó àpò ìṣúná, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó padà lọ wo bí ìjọba ṣe ná owó tí ilé ti fọwọ́ sí. Nàìjíríà jogún ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú àwọn ilé aṣòfin wa títí dòní. Ìwé òfin ọdún 1999 náà sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Abala 120 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa kọ́bọ̀ yọ nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fàṣẹ sí i. Abala 122 dẹ okùn díẹ̀ fún gómìnà: bí ọdún bá wọlé tí ìṣúná kò tíì di òfin, ó lè máa ná owó fún oṣù mẹ́fà, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 125 ní iwájú ilé aṣòfin ni àbọ̀ ọ́dítọ̀ àgbà yóò lọ. Abala 128 àti 129 wá fún ilé náà lágbára láti pe ẹnikẹ́ni kó wá jẹ́rìí, bí onítọ̀hún bá sì ṣorí kunkun, kí wọ́n kọ ìwé kí ọlọ́pàá lọ mú un wá.

Bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pè ńkọ́? Abala 214 ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá tó wà ní Port Harcourt, Abuja ni wọ́n ti rán an wá, Abuja ni owó oṣù rẹ̀ ti ń wá, Abuja ni wọ́n sì ti lè gbé e kúrò. Abala 215 ní gómìnà lè pàṣẹ fún un lórí ààbò ìlú, àmọ́ kọmíṣánnà láṣẹ láti ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bi Ààrẹ. Nítorí náà, ilé aṣòfin Port Harcourt mú ìwé owó dání, kò mú ìbọn dání. Ẹni tó mú ìbọn dání sì lè ti ilẹ̀kùn ilé náà pa.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àwọn ológun ló dì í mọ́ wa lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù àwọn ará Rivers gan-an wà lára ohun tó fà á. Kí òmìnira tó dé, abẹ́ ìjọba Ìlà-Oòrùn ní Enugu ni Port Harcourt wà. Ibẹ̀ náà ni ìjà owó kan tó mì ilé aṣòfin agbègbè náà ti wáyé. Lọ́dún 1956, E. O. Eyo, aṣòfin tó ti jẹ́ èèyàn pàtàkì nínú ẹgbẹ́ NCNC tó ń ṣèjọba, gbé ọ̀rọ̀ dìde pé kí wọ́n wádìí bí owó ìjọba ṣe dé African Continental Bank, ilé ìfowópamọ́ tí Nnamdi Azikiwe, prẹ́míà agbègbè náà, dá sílẹ̀. Owó tó lé ní £2 mílíọ̀nù, tó ti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ta irè oko wá, ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Eyo béèrè nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà kò rọ́nà gbà nínú ilé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ àgbà Stafford Foster-Sutton. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà Azikiwe. Azikiwe tú ilé ká, ó padà lọ bá àwọn olùdìbò, wọ́n sì tún dìbò fún un. Àwọn olóyìnbó dá a lẹ́bi, ìlú dá a láre, Eyo sì wà láàárín méjèèjì.

Lọ́dún 1957 kan náà ni Henry Willink àti ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó darí gúnlẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù. Harold Dappa-Biriye wà lára àwọn tó gbẹnu sọ fún àwọn ará Rivers. Ìpínlẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń fẹ́. Willink kò fún wọn ní ìpínlẹ̀. Ohun tí àbọ̀ ọdún 1958 dámọ̀ràn ni pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin, kí ọlọ́pàá sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí ìjọba agbègbè kankan má baà fi ọlọ́pàá ni ẹ̀yà kékeré lára. Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, a ní ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí bàbá wa ń pè ní akódà, ẹni tó bá sì gbọ́njú ní 1964 sí 1965 lè sọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń rán wọn níṣẹ́. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n pa akódà rẹ́. Ìbẹ̀rù Dappa-Biriye àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò jẹ́ ìbẹ̀rù asán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó wá kín ni lẹ́yìn lè fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ dé ní oṣù Èbìbí ọdún 1967, abẹ́ ológun ló sì ti dé. Alfred Diete-Spiff, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, di gómìnà. Kò sí ilé aṣòfin, nítorí náà kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò. Àwọn oníròyìn ló ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Agẹmọ ọdún 1973, ìwé ìròyìn Nigerian Observer gbé e jáde pé àwọn olùkọ́ Rivers fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí gómìnà lọjọ́ yẹn bọ́ sí. Ralph Iwowari, ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé gómìnà, mú Minere Amakiri tó kọ ìròyìn náà, wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n sì nà án ní ẹgba mẹ́rìnlélógún. Gani Fawehinmi ti Oǹdó, tí kò tíì lókìkí tó báyìí nígbà náà, gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Port Harcourt. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san ₦10,750 fún Amakiri. Ní ìpínlẹ̀ tí kò ní aṣòfin, adájọ́ kan ló kọ́kọ́ bi àwọn alágbára léèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Ti Umuechem kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé kan ni ní ilẹ̀ Etche, tí epo rọ̀bì ti ń jáde. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1990, àwọn ará ibẹ̀ ń fẹ̀hónú hàn sí ilé iṣẹ́ epo Shell. Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá Rivers pé kó fi ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́, ó sì dárúkọ mọ́báìlì pólíìsì. Láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn ti kú, ilé 495 sì ti jóná tàbí wó. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Opubo Inko-Tariah darí dá ọlọ́pàá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ló gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, ìjọba ológun ni wọ́n sì gbé àbọ̀ fún. Ibi tí mo ti ń wo ìtàn yìí, Umuechem ló fi hàn jù lọ ohun tí àìsí ilé aṣòfin ń ṣe: kò sí yàrá kan ní Port Harcourt tí aṣojú Etche ti lè dìde, kó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i kí ọlọ́pàá lọ.

Rivers ti ní ilé aṣòfin rí ṣáájú ìyẹn, láti 1979 títí di òpin 1983 lábẹ́ Gómìnà Melford Okilo. Ó tún ní in fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ Rufus Ada George, kí Abacha tó gbé gbogbo rẹ̀ dànù ní 1993. Ti 1999 ló pẹ́. Nígbà náà owó epo ti ń wọlé bí òjò. Ìṣúná Rivers ọdún 2006 tó $1.3 bílíọ̀nù, ó ju ti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ìhà wa yìí lọ. Human Rights Watch tẹ ìwé kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007 lórí bí owó ìjọba ìbílẹ̀ Rivers ṣe ń lọ, wọ́n pè é ní Chop Fine. EFCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, náà ti ń tú ìwé owó ìpínlẹ̀ náà wò nígbà náà.

Àgbẹjọ́rò àgbà Rivers wá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2007, Adájọ́ Ibrahim Buba ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt dájọ́ pé EFCC kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ náà wò. Iṣẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ọ́dítọ̀ ni, ìwé òfin ló ní bẹ́ẹ̀. Mo ti ka àríyànjiyàn lórí ìdájọ́ yìí púpọ̀, ọ̀pọ̀ ló ń bú adájọ́. Èmi rò pé ibi tó yẹ ká wò ni ilé aṣòfin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Títí di ọdún 2018 tí wọ́n tún abala 121 ṣe, ọwọ́ gómìnà ni owó tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ti ń wá. Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè owó ọjà nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ kò tíì dé.

Owó ààbò ló wá mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Gbogbo gómìnà ló ń gbà á, a kì í sì í rí rìsíìtì rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ra mọ́tò fún ọlọ́pàá, ó ń ra ọkọ̀ ojú omi oníbọn fún ọmọ ogun ojú omi, nígbà Rotimi Amaechi ó ra hẹlikọ́pítà méjì. Owó Rivers ni, ilé aṣòfin Rivers ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ilé náà kò lè béèrè ibi tó gbé e lọ mọ́. Nígbà tí Gómìnà Nyesom Wike fẹ́ ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ilé aṣòfin ṣòfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò fún un lọ́dún 2018. Ní oṣù Bélú ọdún náà, àwọn sójà lọ tú àwọn tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ ká ní Nonwa. Ìgbà tó yá ní ìhà tiwa, ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè fi kọ ìwé mìíràn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Agẹmọ ọdún 2013 ni gbogbo Nàìjíríà rí ilé aṣòfin Port Harcourt lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti pè é láti jíròrò àtúnṣe ìṣúná. Aṣòfin márùn-ún nínú méjìlélọ́gbọ̀n ní àwọn yọ abẹnugan, Otelemaba Amachree, wọ́n sì fi Evans Bipi sípò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Chidi Lloyd, olórí àwọn tó pọ̀ jù nínú ilé, la nǹkan tó dà bí ọ̀pá àṣẹ mọ́ orí Michael Chinda, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Gómìnà Amaechi fúnra rẹ̀, tó ti jẹ́ abẹnugan ilé náà fún ọdún mẹ́jọ rí, sáré débẹ̀. Gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ forí lé ọ̀dọ̀ kọmíṣánnà ọlọ́pàá, Joseph Mbu: ó ní Mbu ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá òun jà ní Abuja.

Àwọn àgbàlagbà nílé wa tó wo àwòrán náà, Ìbàdàn ni wọ́n rántí. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 1962, nínú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, àga fò, aṣòfin kan gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ọlọ́pàá yin tajútajú sínú ilé. Lọ́jọ́ mẹ́rin sí i, Tafawa Balewa kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Moses Majekodunmi ṣe alámòójútó fún oṣù mẹ́fà, Adájọ́ G. B. A. Coker sì jókòó láti tú ìwé owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba agbègbè náà. Ìwádìí owó tí aṣòfin agbègbè kò lè ṣe mọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìjọba àpapọ̀ rán wá.

Ní 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan kò kéde pàjáwìrì ní Rivers. Abala 11 ni àwọn aṣojú-ṣòfin ní Abuja lò. Ó ní bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò bá lè jókòó, ilé aṣòfin àpapọ̀ lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ìjà ni wọ́n ti fẹnu kò, wọ́n sì ní kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbé Mbu kúrò. Nǹkan bí oṣù méje kọjá kí Mbu tó lọ. Kó tó lọ, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, wọ́n yin ọta rọ́bà lu Sẹ́nétọ̀ Magnus Abe níbi àpéjọ kan, tí wọ́n fi gbé e lọ sí London fún ìtọ́jú. Sẹ́nétọ̀ ni, ó wà lára àwọn tó yẹ kí ọlọ́pàá bẹ̀rù.

Kódà ní Abuja, níbi tí ìwé owó àti ìbọn ti wà lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ní 2018, Ilé Aṣòfin Àgbà pe Ibrahim Idris, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yọjú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èbìbí, wọ́n ní ọ̀tá ìjọba tiwa-n-tiwa ni, kò yẹ fún ipò ìjọba. Ó ṣì wà nípò títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi pé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò, tí Sẹ́nétọ̀ Ahmed Wadada jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìbéèrè ọ́dítọ̀ àgbà síwájú àwọn ọlọ́pàá: ìbọn 3,907 dà? Ìbọn ni o, kì í ṣe bírò. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀ yìí yọjú ní tiwọn, ó kéré tán.

Nínú àwọn aṣòfin márùn-ún ti 2013 ni Martin Amaewhule wà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun ni abẹnugan. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, lówùúrọ̀ lẹ́yìn iná, ilé náà bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ Fubara nípò. Gómìnà fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, ọlọ́pàá sì yin tajútajú, wọ́n fọ́n omi lu òun àti àwọn tó tẹ̀lé e. Ẹni tí ìwé ìròyìn ń pè ní olórí ààbò ìpínlẹ̀ ló tutù bí ẹyẹ yẹn. Ní oṣù Ọ̀pẹ, aṣòfin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fi ẹgbẹ́ PDP sílẹ̀ bọ́ sínú ẹgbẹ́ APC. Gómìnà ní wọ́n ti pàdánù àga wọn, àwọn mẹ́rin mìíràn ló ń bá ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣúná ₦800 bílíọ̀nù ṣe di òfin lọ́jọ́ méjì.

Ilé ẹjọ́ kò gbà. Adájọ́ James Omotosho fagi lé e ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, kòtẹ́milọ́rùn ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn ní oṣù Ọ̀wàrà. Fubara tún ṣe ti 2025 bẹ́ẹ̀, ọ̀tẹ̀ yìí ó lé ní ₦1.1 tírílíọ̀nù. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tí Adájọ́ Emmanuel Agim ka ìdájọ́ rẹ̀, ní Amaewhule àti àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ilé aṣòfin, kí báńkì àpapọ̀ sì má san kọ́bọ̀ fún Rivers mọ́ títí wọn yóò fi rí ìṣúná tó tọ́. Ìdájọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹni tó wó ilé aṣòfin tó sì ń dá owó ná, kò sí ìjọba ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà, Fubara gbé ìṣúná lọ bá wọn. Ó bá géètì ní títì pa. Mi ò rò pé àwọn tó ti géètì náà ń ṣọ́ owó ìlú ju bí ẹni tó wó ilé ṣe ń ṣọ́ ọ lọ.

Lọ́jọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pàjáwìrì, tó ní kí gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti gbogbo aṣòfin lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ibok-Ete Ibas, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ti fẹ̀yìntì, ló wá ṣe alámòójútó. Abala 305 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi ka ìbò ní ilé méjèèjì. Mo ṣì ń wá ẹni tí yóò kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí ka ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn aṣojú-ṣòfin yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlélógún lábẹ́ Julius Ihonvbere láti máa ṣọ́ Ibas, Ilé Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí ìṣúná Rivers, ₦1.48 tírílíọ̀nù, ní oṣù Òkúdù. Ọmọ Etche tó fẹ́ mọ iye tó wà fún ọ̀nà abúlé rẹ̀, Abuja ló ti máa béèrè.

Ìkéde náà parí ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Amaewhule àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún jókòó, nínú gbọ̀ngàn ọgbà tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá Aba Road, nítorí ti Moscow Road ti wó. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà ni pé àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó ìpínlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà tí àwọn kò sí nílé. Iye tí ọlọ́pàá ná ní Port Harcourt ní oṣù mẹ́fà náà kò sí lára ohun tí wọ́n lè béèrè. Abuja ni ìwé ìyẹn wà.